Onírin Tó Ń Dá Jà

Ẹ wọlé, ẹ wá ibi tó tutù jókòó sí. Ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́, kó dojú rẹ̀ délẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ irú ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbá nínú rẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ tiwa ti pẹ́. Mi ò ní lè pariwo, nítorí náà ẹ sún mọ́ mi dáadáa.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, yàrá kan wà níwájú ilé wa tó dojú kọ títì. Iṣu la máa ń kó sí i tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá wa, ló kó iṣu kúrò níbẹ̀. Òwò aṣọ òfì ló ń ṣe. Á kó o gba Ìjìó kọjá bọ́dà, á sì kó ọjà ti ọ̀hún bọ̀. Lọ́dún kan, ohun tó gbé bọ̀ nínú àpò ìrẹsì kì í ṣe ọjà tá a mọ̀. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, tó ní pádì tí wọ́n ń dì mú gbá a, tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ọn bí ìgbà tí wọ́n fi okùn so ọmọ ewúrẹ́. Gémù ni. A ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi wá jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, ó to bẹ́ǹṣì, ó fi pákó dí fèrèsé kí oòrùn má baà pa àwòrán, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo àdúgbò.

Gémù kan ṣoṣo ló bá àpótí náà wá. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan ló wà nínú rẹ̀, irin ni gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tó ń fò láàárín ìràwọ̀. Bí ẹ bá tẹ ibì kan, apá rẹ̀ á ká wọlé, á di ọkọ̀ òfuurufú. Bí ẹ bá tún un tẹ̀, á padà di ènìyàn. Wọ́n ní ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tó ń wà á, àmọ́ a ò rí ojú onítọ̀hún rí. Onírin la sọ ọ́. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í dúró. Fúnra rẹ̀ ló ń yí bọ̀, tòun tàwọn ọ̀tá tó wà lórí rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe lè padà sẹ́yìn.

Ẹ ò lè mọ bí àríyànjiyàn ṣe pọ̀ tó nínú yàrá yẹn. Télọ̀ kan wà lódìkejì títì, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń sọ pé ojúsàájú ni gémù náà ń ṣe, pé ọta tí wọ́n ń yìn lu òun pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Mẹkáníìkì tó ń tún alùpùpù ṣe ní ìsàlẹ̀ títì ní irọ́ ni, ọwọ́ télọ̀ ló wúwo. Ní tòun, àléébù Onírin ni pé ó ń pẹ́ kó tó yí padà di ọkọ̀. Kí ẹni tó ṣe é gbé e wá sọ́dọ̀ òun, kóun bá a fa kébù rẹ̀. Ahunṣọ kan, èèyàn jẹ́jẹ́, ní gémù tó mọ́gbọ́n dání ni, pé bí òwú ṣe máa ń wọ́ bọ̀ wá bá òun nídìí òfì náà nìyẹn: kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, kò sì ní sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tó ń gba pádì níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé Onírin dá wà jù. Àwọn ọ̀tá ń bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, òun nìkan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ní kí n kúkú lọ fẹ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í bá wọn jiyàn. Bó bá ń gbá a, gbogbo ara ló fi máa ń gbá a: bí Onírin bá yà sápá ọ̀tún, òun náà á fì sápá ọ̀tún, èjìká rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹni tó jókòó tì í. Ibì kan wà tí kò kọjá rí, kò sì sẹ́ni tó kọjá rẹ̀ nínú gbogbo wa. Ojú ọ̀run á ṣú, ìràwọ̀ á pòórá, ẹnu ọ̀nà pupa kan á yọ níwájú bí ẹnu ààrò, iná á máa tú jáde látinú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Onírin rẹ̀ máa ń fọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín, á ní ó dọ̀la, á sì pa jẹnẹrétọ̀, nítorí kì í jẹ́ kó máa jẹ epo lásán bí kò bá sẹ́ni tó di pádì mú. Ẹ fi èyí sọ́kàn o. A ò fi gémù yẹn sílẹ̀ rí láìfọwọ́ kàn án. Bí ẹnì kan ṣe ń gbé pádì sílẹ̀ ni ẹlòmíì ń já a gbà.

Ọ̀nà Ìjìó ló kú sí. Ọkọ̀ akẹ́rù tó wọ̀ ló gbókìtì. Àwọn ará ibẹ̀, Ọlọ́run á san wọ́n lóore, wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí a ti ń ṣe fún Mùsùlùmí. Kí ìròyìn tó dé Ìsẹ́yìn, ilẹ̀ ti bò ó. Ìyá wa kò fojú kàn án. Fìlà rẹ̀ ni wọ́n mú wá bá a. Ìyá gba fìlà, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó fi í kọ́ sórí ìṣó tí ẹni tó ni ín máa ń fi í kọ́ sí. Kò sunkún. Wọ́n ń kí i, ó ń dáhùn. Àmọ́ ó máa ń wo títì bí ẹni tó rán ènìyàn níṣẹ́ tí onítọ̀hún pẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí Àlùfáà ti ṣe fìdáù tán, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá iwájú. Télọ̀ ní kí wọ́n tan gémù náà lẹ́ẹ̀kan, kó dà bí ẹ̀yẹ fún un. Wọ́n tan án. Wọ́n gbé pádì sórí àpótí ìjókòó ẹ̀gbọ́n mi. Orin bẹ̀rẹ̀, orúkọ gémù yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kan pádì ẹni tó kú. A ń wo pádì, pádì ń wò wá.

Ni Onírin bá gbéra.

Pádì wà lórí àpótí ìjókòó, wáyà rẹ̀ ò mì. Onírin ń yìnbọn, ó ń yẹ ọta, ó di ọkọ̀, ó tún di ènìyàn. Ojú ọ̀run ṣú. Ẹnu ọ̀nà pupa yọ. Ó lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé ibẹ̀, ó sì fọ́. Bẹ́ǹṣì ṣubú, ẹni tó lè sáré sá jáde. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Ìyá wa ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ di ara ògiri mú.

Ó ní, "Ta ló ń gbá a?"



Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, Ìyá á ní kí n tan jẹnẹrétọ̀. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kì í jókòó sórí àpótí ìjókòó ọmọ rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Onírin á jáde, á jà, á dé ẹnu ọ̀nà pupa, á fọ́. Bó bá ṣe díẹ̀, á tún jáde. Nígbàkigbà tó bá fọ́, Ìyá á mí kanlẹ̀, á ní, "Pẹ̀lẹ́." Òwò òrí ni Ìyá ń ṣe. Àsìkò tí èso òrí ń jábọ́ nínú oko ni, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi agbọ̀n ru ú wálé. Ti Ìyá jẹrà sábẹ́ igi. Oúnjẹ ò wọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ. Mo ń gbọ́ tí àwọn àgbà ilé ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe, a ó tún pe Àlùfáà wá ṣe fìdáù míì.

Àríyànjiyàn wá dé, kì í ṣe tẹ̀rín mọ́. Télọ̀ ní ọ̀rẹ́ òun tó kú náà ni. Ibi tó máa ń fọ́ sí kọ́ nìyẹn? Mẹkáníìkì ní ẹ̀rọ ni, bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé kó máa gbá ara rẹ̀ bí ọwọ́ èèyàn bá kúrò lára rẹ̀, kó lè máa pe oníbàárà. Àwa la ò fi í sílẹ̀ rí ká tó mọ̀. Télọ̀ ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kì í fọ́ síbòmíì? Àlùfáà ní òkú kì í padà wá ṣeré, àdúà ni ká máa ṣe fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tóun náà wá wò ó, kò pẹ́ tó fi ní òun ń lọ. Mẹkáníìkì ní òun máa bá Ìyá sọ ọ́ lójúkojú pé ẹ̀rọ ni. Télọ̀ dì í lápá mú.

Ó ní, "Bó o bá gba èyí lọ́wọ́ Ìyá, kí lo fẹ́ fún wọn dípò?"

Ìyá fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n, télọ̀, mẹkáníìkì àti ahunṣọ. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n dìde. "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ọmọ mi," ó ní, "ibẹ̀ yẹn ló há sí. Ẹ bá mi mú un kọjá. Bó bá ti kọjá, màá lè sùn."

Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ gbá a, ó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Télọ̀ tẹ̀ lé e, kò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ahunṣọ wá bọ́ bàtà rẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó gba pádì. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Mẹkáníìkì ń pe ìgbà tó yẹ kó yí padà, télọ̀ ń ṣọ́ ọta òkè, èmi ń ṣọ́ ti ìsàlẹ̀. Ahunṣọ ò sáré. Ó jẹ́ kí ilẹ̀ náà máa wọ́ bọ̀ wá bá òun. Nígbà tí ẹnu ọ̀nà pupa yọ, mo di aṣọ Ìyá mú. Iná tú, ó dáwọ́ dúró díẹ̀, Onírin ká apá rẹ̀ wọlé, ó sì gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ẹ ó rò pé nǹkan pàtàkì kan wà lọ́hùn-ún. Kò sí. Ìràwọ̀ ni, àti ilẹ̀ míì tó ń yí bọ̀, àti ọ̀tá míì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀. Ìyá wò ó títí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n wá gbé pádì sílẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ fúnra rẹ̀.

A dúró. Orin bẹ̀rẹ̀. Onírin gbéra, ó jà, ó yẹ ọta. Ojú ọ̀run ṣú. Ó lọ tààrà sínú iná náà bó ṣe máa ń lọ, ó sì fọ́.

Ìyá ò mí kanlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé jẹnẹrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. "Kì í ṣe òun," ó ní. "Ọmọ mi, bí wọ́n bá fi ọ̀nà hàn án lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣì í mọ́."

Ó dìde, ó bọ́ síta, ó pa jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀. Inú òkùnkùn tá a wà ni a ti gbọ́ ẹkún rẹ̀, ẹkún tí gbogbo ilé ti ń retí láti ọjọ́ tí fìlà ti dé. Ó sun ún débi tó sun ún dé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gbé agbọ̀n, ó lọ ṣa èso òrí.

Télọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára rẹ̀. Títí tó fi hewú, bá a bá pàdé, ó máa ń sọ fún mi pé bóyá ẹni tó wà nínú Onírin mọ̀nà, tó jẹ́ pé kò kàn wù ú láti kọjá ni. Mo máa ń ní kó dákẹ́. Àmọ́ gbólóhùn yẹn ti jí mi lójú oorun rí, ẹ̀yin ọmọ mi, orin gémù náà sì ni mo máa ń gbọ́ tẹ̀ lé e.

Ayé ti yí. Tiyín, ẹ lè dá a dúró, kẹ́ ẹ lọ jẹun, kẹ́ ẹ padà wá bá a níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Tiwa, bí iná bá ti lọ, gbogbo ohun tá a ṣe ti lọ nìyẹn. Ojú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò ń wò, tí wọ́n jọ ń bú u. Lónìí, kálukú dá jókòó sí kọ̀rọ̀ tirẹ̀ bí Onírin. Mi ò ní tiwa dára jù. Mo kàn ń wò yín ni.

Nígbà tí wọ́n pín ẹrù ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò bàbá wa gba jẹnẹrétọ̀. Ìyá ní kí wọ́n gbé àpótí gémù fún télọ̀. Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló dípẹtà sí, kò tan án rí. Iṣu padà sí yàrá iwájú. Ìyá fi àlùmọ́gàjí gé wáyà pádì kúrò lára àpótí gémù, ó fi fìlà wé e, ó sì fi sábẹ́ aṣọ rẹ̀. Nígbà tí Ìyá náà lọ, èmi ni mo jogún rẹ̀. Ó ti jẹ wọnú níbi tí àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n mi máa ń wà. Tèmi kò bá a mu.

Láìpẹ́ yìí, èyí tó kéré jù nínú yín rí i nínú àpótí aṣọ mi. Kò bi mí ní ohun tó ń jẹ́. Ó jókòó tì mí, ó dì í mú, ó ń tẹ̀ ẹ́, wáyà tí wọ́n gé ń wọ́ nílẹ̀. Mi ò tíì sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni nínú yín nígbà náà. Mo rí i tó fì sápá ọ̀tún, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí.

Mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ni ín báyìí.