Koríko Orí Ebè Mi

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà! Ètè mi bẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gbá eruku wọlé. Ẹ fara balẹ̀, kí n ro ohun tí ojú mi rí fún yín.

Àwọn ọmọ mi méjèèjì tó ń roko ti bá àwọn sójà lọ ru ẹrù ogun. Èmi àtàwọn ọmọ-ọmọ ló kù nílé. Kí la ó jẹ? Ni èmi tí mo dàgbà nídìí òwú ríran, tí n ò roko rí, bá kọ ebè sẹ́yìnkùlé, mo gbin èbù iṣu tí wọ́n fi sílẹ̀. Òun nìkan la ní.

Láàárọ̀ yẹn, mo bá koríko gbígbẹ lórí gbogbo ebè. Èmi kọ́ ni mo kó o síbẹ̀! Mo fọwọ́ wa ọ̀kan wò. Èbù ṣì wà. Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Bóyá olè ń sàmì sí èyí tó máa hú jí ni!

Bàbá Ràájí, àgbẹ̀ ilé kejì, nìkan ló ń gba ibẹ̀ lọ sóko lẹ́yìn ìrun àsùbá. Mo kí wọn, mo ń wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní ṣé mo sọ nǹkan nù ni. Mo ní rárá o!

Mo gbá koríko kúrò, ebè mọ́ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo so àkísà àti ìkarahun ìgbín mọ́ igi, mo fi pààlè síbẹ̀, kí èpè mú ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Bàbá Ràájí rí ààlè, wọ́n yà gba ibòmíràn. Ẹ ò rí nǹkan!

Nígbà tó yá, mo wa ebè wò. Èbù ti ń gbẹ! Mo ní Bàbá Ràájí ti ṣe é ní nǹkan. Mo gbé ọ̀kan dání, ó di iwájú ilé wọn. Wọ́n wo èbù tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní:

“Ìyá Làmídì, koríko tí mo fi bo orí ebè ńkọ́?”

Mo ní mo ti gbá a.

“Ẹ gbálẹ̀ lórí ebè! Ṣé iṣu ń retí àlejò ni? Oòrùn ló jó o!”

Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi. Wọ́n ní ta ní ń jí ìyá àgbà nítorí koríko? Wọ́n ní àáró tí àwọn ọmọ mi bá wọn ṣe lóko ṣì wà lọ́rùn wọn, àwọn ń san án ni. Ìgbà tí àwọn sì rí ààlè, àwọn ò jẹ́ dé ibẹ̀ mọ́.

A jọ wa gbogbo rẹ̀ wò. Èyí tó pọ̀ ti gbẹ dànù. Díẹ̀ ṣì tutù nínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ iṣu, ṣé ẹ mọ iye ìgbà tí àgbẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀ kó tó délé? Èmi ò mọ̀. Ta lẹ̀yin náà ti fura sí rí, tó jẹ́ oore ló ń ṣe? Ẹ sọ tiyín, mò ń gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo fa ààlè tu, mo mú dòjé, mo tẹ̀lé Bàbá Ràájí lọ gé koríko. Ebè tiwọn la kọ́kọ́ bò.