Odi Tí A Dí Lẹ́nu

Baba gbé etí lé ara odi òkúta tó wà lẹ́yìn ilé wa, wọ́n ní kí n dákẹ́. Òjò ti dá. Omi ń ro tó, tó, tó láti inú àwọn ihò ìsàlẹ̀ odi, ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Áásáà àti erùpẹ̀ tútù ni aṣọ wọn ń rùn.

"Ṣé o gbọ́? Òkè ń tọ̀. Níjọ́ tí kò bá tọ̀ mọ́, ẹ sá."

Mo rẹ́rìn-ín títí.

Aládùúgbò wa ni Baba, bíríkìlà àgbà tó mọ odi náà kí òkè Ọ̀kà má baà ya lu ilé wa. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi páìpù la ihò sí i kí omi inú ilẹ̀ lè rọ́nà jáde. Nígbà òjò, wọ́n á mú wáyà wá láti fi yọ ẹrẹ̀ ibẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá mi ra ọ̀dà funfun ní Ìkàrẹ́, wọ́n fi kun odi nítorí Iléyá. Kò pẹ́ tí omi pupa fi ba ọ̀dà jẹ́. Bàbá mi po sìmẹ́ńtì, wọ́n dí gbogbo ihò náà. Èmi ni mo gbé abọ́ dání.

Baba rí wa. "Alájì, odi ò ní tọ̀ mọ́ nìyẹn?"

"Baba, ẹ jẹ́ kóun náà wọ aṣọ ọdún."

"Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n, aṣọ náà ni yóò kọ́kọ́ fà ya."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò ṣí ihò kankan.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Iléyá, òjò rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo gbé etí lé odi. Kẹ́kẹ́ pa. Odi ti yọ ikùn. Mo sá lọ pe Baba.

Wọ́n gbé òòlù àti ọ̀pá irin wá. "Ẹ jáde! Gbogbo yín!" Wọ́n lu ihò àkọ́kọ́, omi tú jáde. Wọ́n lu ìkejì. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ síbi ìkẹta ni odi ya lulẹ̀ tòun tòkè.

Ilé wa dúró. Baba kò jáde lábẹ́ odi.

Ẹnikẹ́ni tó bá wá kí bàbá mi, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ fún un: "Baba kìlọ̀ fún mi."

Iṣẹ́ oníròyìn ni mo ń ṣe báyìí. Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn léèrè ohun tójú wọn rí níbi tí ilẹ̀ ti ya. Kò tíì sẹ́ni tó bi èmi pé ta ló pe Baba. Baba ní ká sá. Èmi sá lọ pè wọ́n.

Títí dòní, bí mo bá dé ibi odi kan lẹ́sẹ̀ òkè lẹ́yìn òjò, mo máa ń ti ìka bọ ihò rẹ̀. Bí ìka mi bá jáde ní gbígbẹ, n kì í sùn síbẹ̀.