Iṣan Ọrùn Àǹtí Múlí

Omi gbígbóná ni mo fi wẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí òjò ti rọ̀ mọ́jú. Bí mo ṣe ń nu ara ni ojú ọ̀tún mi ṣú bàìbàì, bí ẹni tó ń wo ìta láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Kọ́tìnnì ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ gbà pé mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹsẹ̀ mi kan tún wá ń ṣe bíi pé kì í ṣe tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Múlí, wá láti Ayépé, ó ní ibà ni. Ó se àgbo, ó gbé ìkòkò rẹ̀ síwájú mi, ó da aṣọ bò mí kí ooru rẹ̀ lè mú mi làágùn. Nígbà tó máa fi ṣí aṣọ, n kò lè dìde mọ́. Àwa méjèèjì sunkún. A ò mọ̀ pé ooru a máa dá kún irú àìsàn yẹn.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Mo jókòó ní ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, láàárín àwọn tó ń sọ fún ara wọn ohun tó ń ṣe wọ́n. Tèmi ò ní orúkọ tí mo lè sọ. Níkẹyìn wọ́n ya àwòrán ọpọlọ mi, wọ́n ní àìsàn iṣan kan tí wọ́n ń pè ní MS ni. Iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ dé ojú àti ẹsẹ̀ ní ìbòrí, bíi rọ́bà ara wáyà iná. Nínú MS, ohun tó yẹ kó máa gbógun ti àrùn nínú ara ló máa ń kọjú ìjà sí ìbòrí náà. Wọ́n fa oògùn sí mi lára, ojú mi là, ẹsẹ̀ náà gbéra díẹ̀. Wọ́n ní àìsàn náà kò ní lọ pátápátá.

Àǹtí Múlí ò gbà. Ó ti rí fídíò òyìnbó kan lórí fóònù, pé iṣan ọrùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà láti ọpọlọ ló há, pé bí wọ́n bá ti fẹ̀ ẹ́, aláìsàn á rìn.

"A ó ta ilé Bàámi, wàá lọ ṣe é nílùú òyìnbó," ló wí.

Inú mi dùn ju bí mo ṣe fi hàn lọ. Mo fẹ́ rìn.

Dókítà wa, ọmọbìnrin kékeré kan tí kì í pariwo, ṣàlàyé pé àwọn kan rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, àwọn tí wọ́n fẹ iṣan wọn kò sàn ju àwọn tí wọn ò fẹ tiwọn lọ. Àǹtí mi ní kó ṣáà wò ó. Dókítà fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún wo ọrùn mi. Lóòótọ́, iṣan apá òsì há.

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" Àǹtí mi fò sókè. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà ẹ wá sùn síbí," ni dókítà wí fún Àǹtí mi, ó sì wo ọrùn tirẹ̀ náà.

Tirẹ̀ há ju tèmi lọ. Àǹtí Múlí tó ń gbé àpò gàrí lérí títí dòní, tí orí lásán kì í fọ́! Ó fọwọ́ lé ọrùn.

"Kò sì ṣe mí ní nǹkan kan," ó rọra wí.

Ó bá mi wọ kẹ̀kẹ́ délé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wá mọ́. Tí mo bá pè é, á ní ọwọ́ òun dí lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ. Mo máa ń tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn nínú ilé. Mò ń bínú sí i, mo tún ń bínú sí ara mi tó kọ̀ tí kò sàn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló yọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Sádíà, n ò mọ ohun tí mo lè ṣe fún ẹ mọ́. Ojú ló ń tì mí."

"Àǹtí mi, ẹ jókòó."

Ó bọ́ bàtà, ó jókòó tì mí lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́.

Ara mi ò padà sí bó ṣe wà. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn, mo sì ń lo oògùn mi déédéé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ojú tó ń ríran, àti fún ẹsẹ̀ yìí, bó ṣe ń ṣe ségesège náà. Ẹ̀yin tí ẹ lẹ́ni tó ní irú àìsàn yìí, bí ẹ ò bá rí nǹkan mú dání, ẹ máa bọ̀ bẹ́ẹ̀.