Aràn Òkun Tí Wọ́n Gbé Wá sí Ọjà'ba

Inú tó bí Karimat lọ́jọ́ náà kò tíì rọ̀ títí di òní, n kò sì rí ìdí tí yóò fi rọ̀. Ọmọ agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnká ni, ṣùgbọ́n Jídà, nílẹ̀ Lárúbáwá, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí kí ìjọba ibẹ̀ tó kó wọn padà wálé. Lọ́hùn-ún, ó bá àwọn tó ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń wọ abẹ́ òkun ṣiṣẹ́. Aṣọ àti sìlíńdà afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ ń fọ̀ fún wọn. Nígbà tó yá, ọ̀gá rẹ̀ obìnrin kọ́ òun náà, ó sì fi kámẹ́rà lé e lọ́wọ́.

Iyùn tí à ń so mọ́rùn yìí, Karimat ti rí i láàyè. Ó ní bí igi ló ṣe ń hù lábẹ́ omi, pé àwọn ẹ̀dá tí kò tó èékánná ló kún ara rẹ̀: edé tí èèyàn ń rí ìfun rẹ̀ láti ìta, akàn tó kéré ju ẹ̀wà lọ. Èyí tó fẹ́ràn jù ni aràn kan tó ń fi inú iyùn ṣe ilé, tó máa ń na ìyẹ́ méjì síta, pupa bí osùn. Bí òjìji ẹja bá kàn kọjá lórí rẹ̀, wéré, ó ti wọlé. Karimat dúró ti ọ̀kan, ó ń rọra mí títí aràn náà fi tún yọ, ó wá ya àwòrán rẹ̀. Ó gbé àwòrán náà sórí Fesibúùkù, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, òun àti Sìdí, àbúrò rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti Mápó. Ọkọ̀ oníṣègùn kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà'ba, gbohùngbohùn ń ké lórí rẹ̀. Àwòrán aràn pupa yẹn ló wà lára ọkọ̀, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ tó ilẹ̀kùn. Wọ́n ti gé orúkọ Karimat kúrò, wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé: ARÀN TÓ Ń JẸ ỌMỌ NÍNÚ ILÉ ỌMỌ.

Kí Karimat tó la ẹnu, Sìdí ti fà á lápá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òun rèé. Òun ni wọ́n ní ó wà nínú mi. Mo ti ń mu oògùn rẹ̀ látìgbà ààwẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ Sìdí ti ń bì látìgbà náà, ó ti rù. Gbogbo wa nílé sì ti ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ẹnu pé oyún ti dé.

Karimat lọ bá oníṣègùn náà. Gbénga ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí àwòrán yìí?"

"Ara obìnrin kan ní Yemẹtù ni mo ti yọ ọ́, Àǹtí. Ó ṣì ń mì nígbà tó jáde."

"Irọ́ lò ń pa! Èmi ni mo yà á, lábẹ́ òkun. Ìwọ olè yìí! Aràn yìí kò lè gbé inú èèyàn!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bi í bóyá Mámíwọtà ni. Ó fi fóònù hàn wọ́n, ó fi orúkọ rẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n ní Karimat gan-an ló jí i. Gbénga wá gbé ẹnu lé gbohùngbohùn:

"Ẹ ò rí i, ẹ̀yin èèyàn mi? Ẹ̀mí tó ni aràn ló ń bínú yẹn!"

Ni Karimat bá gun ọkọ̀, ó fa àwòrán náà ya láti òkè délẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Gbénga ti wá jókòó níwájú Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, Alhaji Sàláúdéènì.

"Karimat, o dójú tì wá," ni Mọ́gàjí wí. "Bẹ̀ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ tán."

"Baba, ẹ forí jì mí, n kò ní bẹ̀ ẹ́. Ẹ bi í ní ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀."

Gbénga ní àṣírí ìdílé òun ni. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kejì. Sìdí ló kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀. Níbi tí mo ti lọ wá ọmọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kò sóhun tó ń ṣe mí. Òun nìkan ló fi nǹkan kan hàn mí."

Karimat wo àbúrò rẹ̀. Ó dìde, ó jáde láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Ó mú Sìdí lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Dókítà ní oògùn yẹn ti ń ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Sìdí ò mu ún mọ́, ara rẹ̀ sì ti ń bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n kò tíì bímọ. Gbénga ti kó lọ sí Òjé, àwòrán mìíràn ló wà lára ọkọ̀ rẹ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ ẹni tó ti jí ìyẹn. Karimat ń lọ bá a níbẹ̀. Á dúró síwájú ọkọ̀, obìnrin tó bá ti nawọ́ sí ìgò, á sọ fún un pé irọ́ ni. Wọ́n ń pè é ní wèrè. Ọjọ́rú tó kọjá, wọ́n da omi ìdọ̀tí sí i lára. Ó wálé, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó tún padà lọ.