Ọkọ̀ Tí Ń Wa Ara Rẹ̀ àti Ojú Bọ̀dá Mi

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo kúrò ní Ṣàgámù lọ́jọ́ náà, nítorí ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù òwúrọ̀ ní Ìkẹjà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun nílé. Mo di gàrí, ẹ̀gúsí lílọ̀ àti ata gbígbẹ sínú àpò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀dá Délé, ni mo ń lọ kí. Wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ takisí ni wọ́n sì ń ṣe. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí.

Bọ̀dá fúnra wọn ló fi ọkọ̀ wá gbé mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìrìn náà gùn, nítorí Becontree, níbi tí wọ́n ń gbé, wà ní ìlà-oòrùn ìlú pátápátá. Ọ̀nà wọn tẹ́jú, kò sí kòtò. Àwọn ilé Becontree tò gbọọrọ, ara kan náà, bíríkì kan náà, débi pé mo bi Bọ̀dá bí àlejò ṣe ń mọ ilé tó ń lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Nọ́ńbà ni, Ṣadé. Bó o bá gbàgbé nọ́ńbà, o ti sọnù nìyẹn.”

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nílé, ẹlẹ́sẹ̀ ló ń dúró de ọkọ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọkọ̀ ló ń dúró de ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà sójú títì, síbírà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ti gbé ẹsẹ̀ lé e, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró fún un. Bọ̀dá ń ṣàlàyé èyí fún mi lọ́wọ́ nígbà tí a sún mọ́ ọ̀kan lẹ́bàá àwọn ṣọ́ọ̀bù òpópónà Alibon. Obìnrin kan ti ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ bọ̀ lórí ìlà náà. Mo retí kí Bọ̀dá dẹ eré. Wọn ò dẹ̀ ẹ́.

“Bọ̀dá, ẹ dúró!”

Wọ́n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá na ọwọ́ láti iwájú ọkọ̀ wa, yóò kan kẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Obìnrin náà wò wá, ó sọdá lọ.

“Oòrùn ló wọ̀ mí lójú,” ni Bọ̀dá wí.

Kò sí oòrùn. Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ wọn. Wọ́n ń bu tíì, ó ń ṣàn kọjá ẹnu ife. Wọ́n ń na fóònù sí mi pé, “Bá mi ka eléyìí, lẹ́tà wọn ti kéré jù,” bẹ́ẹ̀ lẹ́tà náà tóbi. Mo ka á fún wọn. Báwo ni àbúrò ṣe fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kò ríran mọ́, pàápàá ẹ̀gbọ́n tó ń fi ojú náà jẹun?

Lọ́jọ́bọ̀, ìyàwó wa Rẹ̀mí, aya Bọ̀dá, mú mi lọ kí ọmọ ìjọ wọn kan ní Thames View, lẹ́bàá odò. Pọ́n-ùn kan àti pẹ́ǹsì márùndínlọ́gọ́rin lowó bọ́ọ̀sì, káàdì ni wọ́n sì ń fi san án. Awakọ̀ kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Rẹ̀mí jókòó tì mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà lọ́rọ̀ lẹ́nu. A sọ̀rọ̀ nípa òjò títí a fi dé.

Ọ̀rọ̀ tó gba gbogbo ìlú nígbà náà ni ti ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀. Ìjọba ti ṣe òfin tó gbà á láàyè, ṣùgbọ́n ìlànà ààbò rẹ̀ kò tíì parí. Lẹ́yìn ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà tí Bọ̀dá ń lọ ń jiyàn lé e lórí. Ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà kì í mutí, kì í tòògbé. Òmíràn bi í pé bó bá gbá ọmọ ènìyàn, ta ni wọn yóò mú lọ sí kóòtù?

Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n ṣe ìpàdé gbogbogbòò lórí ọ̀rọ̀ náà nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí wa. Bọ̀dá ni àwọn onítakisí yàn láti sọ̀rọ̀ fún wọn. Wọ́n wọ kóòtù, wọ́n dìde, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. Òyìnbó ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: pé ẹ̀rọ kò bímọ, kò mọ ohun tí ọmọ jẹ́, pé ojú ènìyàn nìkan ló mọ ẹni tó fẹ́ sọdá kí onítọ̀hún tó gbé ẹsẹ̀. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Obìnrin afọ́jú kan wá dìde. Ó ní òun ti ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé òun láìbẹ ẹnikẹ́ni, àti pé ẹni tó lójú méjèèjì ló gbá òun ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn kan kùn sí i. Ni alága bá béèrè bóyá àlejò kan ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

N kò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo ní, “Ẹ ń bi ọkọ̀ yìí bóyá ó ríran. Ta ló ń bi awakọ̀? Lọ́jọ́ tí mo dé ìlú yín, ọkọ̀ tó gbé mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ìyá àti ọmọ lórí síbírà. Awakọ̀ náà kò rí wọn.”

N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn onítakisí ló mọ ẹni tó lọ gbé mi ní pápákọ̀. Orí wọn yí síbì kan náà. Bọ̀dá dìde, wọ́n sì jáde.

Èmi àti Rẹ̀mí bá wọn níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí Rẹ̀mí láìwò mí. Rẹ̀mí ló wa ọkọ̀ délé. Nínú ilé ìdáná ni Rẹ̀mí ti bá mi sọ ọ́.

“Àǹtí mi, mo mọ̀ nípa ojú wọn. Ìwé tí ilé ìwòsàn fi pè wọ́n fún àyẹ̀wò ojú ti wà nínú dúrọ́ọ̀ tipẹ́, wọn ò lọ. Mo ti bẹ Bàbá Alágbà ìjọ wa. Ọ̀la, lẹ́yìn ìsìn, ni Bàbá fẹ́ bá wọn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì?”

“Ojú ń tì mí, mà. Ẹ̀yin náà ò bi mí.”

Mo kúnlẹ̀ bẹ Bọ̀dá lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí n dìde. “O ò purọ́, Ṣadé. Ká ní mo pa ọmọ yẹn, kí ni ǹ bá wí? Ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún lo fi bá mi jẹun. Èmi ló yẹ kó o kọ́kọ́ sọ fún.”

Lọ́jọ́ tí mo ń padà sílé, Rẹ̀mí ló sìn mí lọ sí pápákọ̀, ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ láti Barking. Mo dé Ṣàgámù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Àwọn ará ilé pé lé mi lórí, wọ́n ń béèrè bí ìlú òyìnbó ṣe rí. Mo sọ ti ọ̀nà àti ti bọ́ọ̀sì fún wọn. Wọ́n bi mí bóyá mo rí ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀. Mo ní n kò rí i.

Àwọn baba wa ní ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo ti fi òwe yẹn kọ́ àwọn ọmọ iléèwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìrìn àjò yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ èmi fúnra mi. Bóyá òótọ́ tí mo gbé jáde gba ẹ̀mí là, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ní àyè láti sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, mo sì jẹ́ kí àyè náà lọ.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Bọ̀dá. Rẹ̀mí ní wọ́n ń ka Bíbélì láìlo dígí, ṣùgbọ́n wọn ò padà sídìí takisí. Mo máa ń pè wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n á gbé e, wọ́n á béèrè àlàáfíà mi, wọ́n á ṣe àdúrà fún mi dáadáa, lẹ́yìn náà wọ́n á ní, “Ìyàwó ẹ nìyí,” wọ́n á sì gbé fóònù fún Rẹ̀mí.