Ìyá Arúgbó Tí Bàbá Lará Kò Jẹ́ Nà

Kò sí ọmọ Nàìjíríà kan ní ìlú Pearland lókè òkun tí kò tíì gbọ́ nípa ọjọ́ tí Olóògbé Bàbá Lará ju páàdì géèmù sílẹ̀, tí wọ́n ní àwọn ò lè na ìyálágbà.

"Grandpa, boss nìyẹn, ọ̀tá tó kẹ́yìn! Ẹ nà án!" Zoe ló ń pariwo, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí Lará bí.

"Ta ni kí n nà? O ò rí orí ẹ̀ tó funfun báláú ni?"

"Àjẹ́ ni, Grandpa! It's a game!"

"Ṣé àjẹ́ kì í dàgbà ni?"

Bí wọ́n ṣe ń jiyàn lọ́wọ́, ìyá arúgbó yẹn dáná sun ọmọdébìnrin tí Bàbá ń darí nínú géèmù náà. Ó di ìgbà kọkànlélógún.

Iwájú ilé ẹnì kan tó ń ta àlòkù ní àdúgbò Fondren Southwest ni Bàbá ti rí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ọ̀hún, òun àti kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Inú eré àwòrán Japan ni wọ́n ti mú un: ọmọ ilé-ìwé kan á ju ọ̀pá idán sókè, aṣọ rẹ̀ á yí padà, ó di alágbára. Èdè Japan ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bàbá, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, ò gbọ́ ẹyọ kan, àmọ́ wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ láìkọsẹ̀.

"Kí ló sọ, Grandpa?"

"Ó ní ìyá òun ní kí òun fọ abọ́ kí òun tó lọ gba ayé là."

Zoe dìde, ó lọ fọ abọ́.

Nígbà tó yá, ọkàn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Iṣẹ́ abẹ di ọjọ́ Ajé. Ní ọ̀sán Sátidé, Zoe rọra gbé páàdì lé wọn lọ́wọ́.

"Grandpa, mo fẹ́ ká jọ rí ìparí ẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin."

Lará náà bẹ̀ wọ́n: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fọwọ́ tọ́ màmá yẹn díẹ̀."

Bàbá wo ọmọ ọmọ wọn, wọ́n wo ìyá arúgbó. "Àgbà tó ń bínú, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀ ẹ́."

Wọ́n tẹ ọfà ìsàlẹ̀ lórí páàdì. Ọmọdébìnrin náà kúnlẹ̀, iná gba orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá arúgbó sọ ọ̀pá sílẹ̀, ilẹ̀kùn ààfin tó ń ṣọ́ sì ṣí gbayawu! Títí di òní, a ò mọ̀ bóyá àwọn tó ṣe géèmù yẹn mọ̀ọ́mọ̀ fi ìkúnlẹ̀ yẹn síbẹ̀ ni. Igbe tí Zoe ké mú kí Andrew, aládùúgbò wọn, sáré wọlé, ó rò pé ilé ń jó.

"Jókòó, Andrew," ni Bàbá wí. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà ni."

Bàbá ò padà wálé láti ọsibítù. Ẹ̀rọ yẹn kò sì lè pa nǹkan mọ́: téèyàn bá ti pa á, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ọmọdébìnrin náà àti ìyá arúgbó jókòó lábẹ́ igi olódòdó, wọ́n jọ ń mu tíì. Lará, tí kì í fi iná sílẹ̀ ní títàn láìnídìí, kàn máa ń gbálẹ̀ yí wáyà rẹ̀ ká ni.

Àwọn tó wá kí wọn kú ará-fẹ́ra-kù béèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò pa tẹlifíṣọ̀n.

"Wọ́n ṣì ń ṣeré," ni Zoe dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n mu tíì wọn."