Ìṣẹ́tí Aṣọ Àǹtí Abọ́sẹ̀dé

Bí ẹ bá dé Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì tí ẹ sì béèrè Àǹtí Abọ́sẹ̀dé aránṣọ, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ náà tán tí ẹnì kan á fi mú yín débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti bàjẹ́, ológbò ló ń sùn lórí rẹ̀. Àǹtí Abọ́sẹ̀dé ti lé ní ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ Àǹtí ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, tépù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà rẹ̀ sì ti rí i tó gbé e kọ́rùn wá sí ìsìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, kò sì yọ ọ́.

Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí iléèwé bá kù díẹ̀ kó wọlé, ńṣe ni àwọn òbí máa ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni tó fẹ́ dìbò. Ẹnì kan ṣoṣo ò lè rán gbogbo ìyẹn, òun náà kò sì gbìyànjú rẹ̀. Á gé gbogbo aṣọ náà fúnra rẹ̀, á dì wọ́n ní ìdì-ìdì, á sì pín wọn fún àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti dá dúró. Ẹnì kan á rán kọ́là, ẹnì kan á ṣẹ́ pílíìtì, ẹlòmíràn á ṣe ojú bọ́tìnnì. Ọlọ́kadà á kó wọn lọ, á kó wọn bọ̀. Gbogbo iṣẹ́ ló lè gbé fún ẹlòmíràn ṣe, àfi gígé. Bí ọba bá rán ìránṣẹ́ sí i pé kó gbé gígé fún ẹlòmíràn, á kí ìránṣẹ́ náà dáadáa, á sì máa gé aṣọ rẹ̀ lọ.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Olúwabùsáyọ̀ ni orúkọ mi. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìṣòwò ní iléèwé girama kan nílùú Adó, mo sì ń kàwé fún oyè dókítà ní yunifásítì. Ohun tí mò ń wádìí ni bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àárín gbùngbùn Èkìtì ṣe ń gbé apá kan iṣẹ́ wọn fún ará ìta ṣe, àti ibi tí wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n náà, yálà iléèwé ni tàbí ẹnu iṣẹ́. Àwa ọ̀mọ̀wé ti fún ọ̀rọ̀ náà ní orúkọ gígùn, a sì ti kọ ìwé bàǹtà-banta lé e lórí. “Ṣe díẹ̀ kí n ṣe díẹ̀” ni Àǹtí Abọ́sẹ̀dé ń pè é.

Mi ò ní sùúrù. Ìyá mi sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún keje rèé tí mo ti wà lẹ́nu ìwé yìí. Yunifásítì ti sún ọjọ́ síwájú fún mi títí, wọ́n sì ti sọ fún mi gbangba pé sáà yìí ló kẹ́yìn. Bí alábòójútó mi kò bá buwọ́ lu iṣẹ́ mi kí sáà tó parí, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò, gbogbo làálàá ọdún méje á sì wọmi. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo gbé àbájáde ìwádìí mi síwájú Dókítà Ọlátúbọ̀sún, tí í ṣe alábòójútó mi, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e.

Ó kà á, ó tún un kà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì.

“Olúwabùsáyọ̀, ta ni Abọ́sẹ̀dé?”

“Aránṣọ kan ni, sà. Òkè-Ìlá ni wọ́n wà.”

“O bi àwọn aránṣọ Adó, Ìyìn, Ìjàn àti Ìgbẹ́mọ pé ta ló kọ́ wọn ní ọgbọ́n iṣẹ́. Gbogbo wọn ló dárúkọ obìnrin yìí?”

“Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni, sà. Àwọn tó kù sọ pé ẹni tí Àǹtí Abọ́sẹ̀dé kọ́ ló kọ́ àwọn.”

Ó ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ mi. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka irú iṣẹ́ yìí. Èèyàn tó pọ̀ tó báyìí kì í fẹnu kò sórí orúkọ kan. Ẹni tó bá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn gbogbo ìbéèrè, ni èsì rẹ̀ máa ń dọ́gba báyìí. Mi ò ní buwọ́ lù ú.”

Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Èmi tí òjò pa ní Ìjàn, tí ajá lé ní Ìyìn! Mo dìde láìmọ̀ pé mo dìde.

“Ẹ jẹ́ ká lọ, sà. Ìlú tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ mú. Ẹni tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ bi. Lónìí yìí náà ni.”

Mo rò pé á ní kí n jáde ni. Ó wo aago, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. “Ìgbẹ́mọ,” ó ní. “Mú fóònù rẹ wá.” Bó ṣe ti fóònù mi mọ́ inú ọkọ̀ nìyẹn, kí n má baà ta ẹnikẹ́ni lólobó. Bí wọ́n ṣe ń mú olè ló mú mi lọ.

Nígbà tí a dé Ìgbẹ́mọ, wọ́n sá ìrẹsì sétí títì, Dókítà sì ní láti rọra wakọ̀. Ó bi ọlọ́kadà kan pé níbo ni aránṣọ kan wà nítòsí. Ọlọ́kadà náà nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin oníkùn kan tó ń jẹ́ Òkìkíọlá. A wọlé. Dókítà fọwọ́ sọ fún mi pé kí n má yanu.

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí?”

“Àǹtí mi ni, Àǹtí Abọ́sẹ̀dé ní Òkè-Ìlá.” Ojú ọkùnrin náà yí padà, ó dìde lórí àpótí. “Kí ló dé? Ṣé kò sí o? Ṣé ara wọn dá?”

“Ara wọn dá,” mo sáré sọ, mo ti gbàgbé àṣẹ Dókítà pé kí n má yanu. Ẹ̀rù tó wà lójú rẹ̀ ò ṣeé wò.

Dókítà kò tíì gbà. “Àwọn èèyàn lè ti wá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ dárúkọ rẹ̀.”

“Kí ẹnì kan wá sọ orúkọ ọ̀gá mi fún mi?” Òkìkíọlá wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ò pé. Ó fa yunifọ́ọ̀mù ọmọbìnrin kan yọ lábẹ́ ẹ̀rọ, ó yí etí rẹ̀ padà. “Ẹ wò ó. Kò sẹ́ni tó ń ṣẹ́tí báyìí àfi àwa tá a jáde lábẹ́ Àǹtí.”

Mo tẹjú mọ́ ọn. Aṣọ tó ṣẹ́ wọnú níbẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó lé òwú sí i gbọọrọ-gbọọrọ, èyí tí ìyá ọmọ lè fi abẹ́rẹ́ já láìsí wàhálà.

“Ọmọ á ga lọ́dún tó ń bọ̀,” Òkìkíọlá ní. “Ìyá rẹ̀ á tú u, á tún un ṣẹ́, aṣọ náà á tún tó o. Ọjọ́ tí mo ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù, Àǹtí ò gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ mi, wọn ò gba ọtí. Wọ́n ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní gé ìyókù aṣọ ọmọ sọnù láyé mi.”

Dókítà Ọlátúbọ̀sún, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ọgbọ́n òwò, kò lè pa á mọ́ra. “Ẹni tó yẹ kó padà wá rán òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní wá mọ́. Òwò wo nìyẹn?”

“Òun ò ní wá lóòótọ́,” Òkìkíọlá rẹ́rìn-ín, “àmọ́ á júwe ọ̀dọ̀ mi fún gbogbo ulé rẹ̀.” Ó nawọ́ sí aṣọ tó kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. A ò ríbi gbẹ́sẹ̀ lé.

Àkókò yẹn ni iléèwé jáde. Àwọn ọmọ ya sójú títì pẹ̀lú ariwo wọn, a sì jáde síta. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí wọn, nítorí kò yẹ kí ọkùnrin máa wo etí aṣọ ọmọ ọlọ́mọ. Oòrùn ti mú kí aṣọ búlúù ọmọ àkọ́kọ́ ṣá, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tó ti wà ní ṣíṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ìlà kan wà tó ṣì dúdú bíi tuntun. Ọmọ kejì náà ní i. Ti ọ̀kan lára wọn jẹ́ ìlà méjì, èyí tó ṣá díẹ̀ lókè, èyí tó dúdú gan-an nísàlẹ̀: wọ́n ti tú u lẹ́ẹ̀mejì. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn ta ló rán an. Aránṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dárúkọ, ọwọ́ kan náà ló sì wà lára gbogbo rẹ̀. Orí mi wú. Mo dìde, mo nawọ́ sí àwọn ìlà náà kí Dókítà lè rí wọn.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ ni mo ń rí ìlà náà. Ọmọ tó ń ta omi fún wa lójú ọ̀nà ní i. Àwọn tó ń sáré kọjá títì nígbà tí a wọ Adó ní i. Ojoojúmọ́ ni mò ń dúró níwájú irú àwọn ọmọ báyìí nígbà tí wọ́n bá tò láàárọ̀, mo rò pé aṣọ tó gbó lásán ni. Ọlọ́run mi! Obìnrin kan ṣoṣo, tí kò kúrò ní Òkè-Ìlá, ló wà ní etí aṣọ gbogbo wọn. Dókítà pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo àwọn ọmọ tó ń kọjá, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀.

“Òótọ́ lo sọ,” ó ní wẹ́rẹ́. “Mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.”

A bá Àǹtí Abọ́sẹ̀dé lórí ìdúró nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń gé aṣọ.

“Ẹ kúulé o, mà,” Dókítà kí i, ó tẹrí ba.

“Ẹ káàbọ̀, ọmọ mi. Ẹ lé ológbò yẹn sulẹ̀, kẹ́ ẹ ríbi jókòó.”

Ológbò kò dìde. Dókítà dúró. Ó sọ ibi tí a ti ń bọ̀ fún un àti ohun tí a rí níbẹ̀, ó sì bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣẹ́tí bẹ́ẹ̀, nígbà tó mọ̀ pé yóò dín iṣẹ́ òun kù.

Àǹtí Abọ́sẹ̀dé kò dá sísọ́ọ̀sì dúró. “Fọ́ọ̀mù tuu ni mo wà,” ó ní. “Mo kàn ga lójijì lọ́dún yẹn ni. Yunifọ́ọ̀mù mi kúrò lórúnkún. Ọ̀gá iléèwé fà mí jáde lórí ìlà, wọ́n ní kí n máa lọ sí ulé, kí n má padà wá àfi tí mo bá rán òmíràn. Bàbá mi ní kí n dúró dìgbà tí wọ́n bá ta kòkó. Wọ́n ta kòkó, àìsàn ìyá mi kó owó rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe dúró nìyẹn. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n lọ kọ́ usẹ́ aránṣọ.”

Ó yí aṣọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

“Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ di sísọ́ọ̀sì mú, mo wá yunifọ́ọ̀mù yẹn rí, mo ní kí n tú etí rẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò fẹ̀ tó ìka. Tẹ́lọ̀ ti gé ìyókù dànù. Aṣọ tó yẹ kó gbé mi dé fọ́ọ̀mù faifu, wọ́n ti gbá a mọ́ ìdọ̀tí.”

Omi dà lójú mi, mi ò sì nù ún. Gbogbo ìgbà tí mo ti wá bi obìnrin yìí ní ìbéèrè, n kò bi í ní èyí rí.

“Mà,” Dókítà ní, “ọmọ mélòó lẹ rò pé ó ti tipasẹ̀ yín dúró sí iléèwé?”

“Èmi? Mi ò kà wọ́n o.” Àǹtí Abọ́sẹ̀dé gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. “Wọ́n ṣáà ń lọ.”

Dókítà Ọlátúbọ̀sún nawọ́ sí mi pé kí n mú iṣẹ́ náà jáde nínú àpò mi, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ, ó sì yọ bírò láti buwọ́ lù ú. Àǹtí Abọ́sẹ̀dé sáré fa aṣọ tó ń gé sẹ́yìn kí bírò má baà kàn án. Aṣọ ọmọ ọlọ́mọ ni.